Rísíìtì Ohun Ọ̀fẹ́

Ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí wa ní Bódìjà gba wáásù lójú ìyá mi nítorí pé wáásù náà kò ní rísíìtì.

Mo mọ̀ pé gbólóhùn yẹn le. Mo ti gbìyànjú láti kọ èyí tó rọ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí mo bá ti rọ̀ ọ́ ni òtítọ́ ti ń dín kù. Mo wá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. N ó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, láìfi kún un, láìyọ kúrò níbẹ̀.

Etí ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í di díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́. A ra ẹ̀rọ ìgbọ́ràn fún wọn. Ariwo fáànù àti ti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni ẹ̀rọ náà ń gbé wá sí wọn létí ju ohùn ènìyàn lọ, wọ́n bá dá a padà sínú páálí rẹ̀. Ohun tí wọ́n wá gbójú lé ni ètè. Bí ènìyàn bá dojú kọ wọ́n, tí ibẹ̀ sì mọ́lẹ̀ dáadáa, kò sí ohun tí ìyá mi kò ní gbọ́. Àwọn ọmọ ọmọ wọn ti mọ̀ pé kò dára kí ènìyàn máa ráhùn nípa oúnjẹ wọn láti òdìkejì pálọ̀.

Ní mọ́ṣáláṣí, iwájú pátápátá ni wọ́n máa ń jókòó sí ní apá àwọn obìnrin, níbi tí kátìnì ti ní àlàfo díẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo ẹnu Ìmáàmù. Gbogbo obìnrin tó ń wá ló mọ àyè náà mọ́ wọn, wọn a sì fi í sílẹ̀ fún wọn. Nígbà tó yá, ìgbìmọ̀ tún mọ́ṣáláṣí ṣe. Wọ́n kọ́ òkè fún àwọn obìnrin, wọ́n tẹ́ táìsì sí i, wọ́n gbé fáànù kọ́, wọ́n fi gíláàsì dúdú dí iwájú rẹ̀, wọ́n tún gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá kan kọ́ ògiri, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tàn láti ọjọ́ ìṣílé. Ibẹ̀ dára, ó sì tutù. Ṣùgbọ́n láti òkè yẹn, kò sẹ́ni tó rí Ìmáàmù mọ́. Ohùn nìkan ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sókè, láti inú sípíkà kan tó ń ṣe bí ẹni tó há oúnjẹ sẹ́nu. Kò sẹ́ni tó bi ìyá mi léèrè kí wọ́n tó kọ́ ọ. N kò ka ìyẹn sí ẹ̀ṣẹ̀. Mo kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Ìyá mi kò torí ìyẹn ṣíwọ́ àsàlátù, ìpéjọ àdúrà àti wáásù ọjọ́ Àìkú. Wọ́n á wọ aṣọ funfun wọn, wọ́n á gun àtẹ̀gùn, wọ́n á jókòó. Bí àwọn tó kù bá mi orí, àwọn náà á mi orí. Bí wọ́n bá ṣe àmín, àwọn náà á ṣe é, wọ́n á kàn pẹ́ díẹ̀ kí tiwọn tó jáde. Ní ọjọ́ kan tí à ń padà sílé, mo bi wọ́n pé kí ni wáásù òní dá lé.

Wọ́n ní, “Sípíkà ló ṣe wáásù. Èmi kàn lọ jókòó tì í ni.”

Wọn kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà kò rẹ́rìn-ín.

Físíìsì ni mo kà ní yunifásítì. Ọ́fíìsì kan ní Ring Road ni mo ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbẹ̀ kò sì kan físíìsì níbì kankan. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi àwọn kọ̀ǹpútà kékeré ṣeré nílé. Irú èyí tí mò ń wí kò ní àpótí, kò ní ojú, kò ní bọ́tìnnì. Bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni gbogbo ara rẹ̀, kò sì ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ihò wáyà tẹlifíṣọ̀n wà lápá kan rẹ̀, ihò ṣájà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àyè tóóró kan sì wà lábẹ́ tí a ń ki mẹ́mórì bọ̀, irú mẹ́mórì tó ń lọ sínú fóònù. Àwọn tó ṣe é ṣe é kí ẹni tó bá fẹ́ lè fi kọ́ṣẹ́, kó bà á jẹ́, kó tún un ṣe. Ní Agbowó ni mo ti ra tèmi, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta wáyà àti gílóòbù kéékèèké fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n já rísíìtì fún mi.

Ohun tí mo fi sínú bọ́ọ̀dù náà ni ètò kan tó ń gbé fídíò àti orin jáde lójú tẹlifíṣọ̀n. Wọn kì í ta ètò náà. Àwọn ènìyàn láti ilẹ̀ oríṣiríṣi ló jọ kọ ọ́, tí wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tó bá fẹ́ lè gbà á, ó lè yẹ inú rẹ̀ wò, ó lè tún un ṣe, ó lè fi fún ẹlòmíràn. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò ju pé kí ẹni tó bá pín in fún ẹlòmíràn má ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ onítọ̀hún, kí òun náà lè ní irú òmìnira kan náà. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ sínú ìwé, ẹnikẹ́ni sì lè kà á.

Ètò yìí mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Ènìyàn á kọ ọ̀rọ̀ sínú fáìlì kan, á sọ ọ́ ní orúkọ kan náà pẹ̀lú fídíò, á kó méjèèjì síbì kan. Ètò náà á so wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀. Ibi tí ọkàn mi ti lọ sọ́dọ̀ ìyá mi nìyẹn.

Mo lọ bá alága ìgbìmọ̀ kí n tó ṣe ohunkóhun. Ìta mọ́ṣáláṣí ni a dúró sí lẹ́yìn ìrun, àwọn ènìyàn sì wà níbẹ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ máa ṣe é lọ, Ọlọ́run á san yín lẹ́san.” Mo tún lọ bá Ìmáàmù. Ìmáàmù ní àwọn kò fẹ́ kí wọ́n ya àwọn ní fídíò, ṣùgbọ́n kí n máa gba ohùn àwọn sílẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àyè tí wọ́n fún mi ni mo fi ṣiṣẹ́, n kò lọ ju ibẹ̀ lọ.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Ní ọjọ́ Àìkú, mo máa ń fi fóònù gba ohùn wáásù sílẹ̀ nídìí àpótí máìkì. Láàárín ọ̀sẹ̀, n ó gbọ́ ọ, n ó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀, torí pé olùkọ́ ni ìyá mi, wọn kò sì lè ka Yorùbá tí kò ní àmì kí wọ́n má bá ẹni tó kọ ọ́ wí. Ibi tí Ìmáàmù bá ti ka Lárúbáwá, n ó kọ ìtumọ̀ tí àwọn fúnra wọn ṣe. Lẹ́yìn náà, n ó gbé ohùn náà lé àwòrán ògiri mọ́ṣáláṣí kan tí mo yà, n ó kó gbogbo rẹ̀ sínú mẹ́mórì. Bó bá di ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, àwọn obìnrin tó bá tètè dé kí àsàlátù tó bẹ̀rẹ̀ á máa gbọ́ wáásù ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n á sì máa kà á lójú tẹlifíṣọ̀n.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tàn án, àwòrán mànàmáná kékeré kan jáde sí igun tẹlifíṣọ̀n lókè, pupa rúsúrúsú, kò sì kúrò. Ìyá Àdínnì, tí wọ́n jẹ́ olórí àwa obìnrin níbẹ̀, na ìka sí i.

“Àǹtí Kọ̀ǹpútà, kí ni mànàmáná yẹn ń wí?”

“Ó ní ebi ń pa òun, mà. Ṣájà tí mo fi sí i kò ká a.”

“Níbo lẹ ti ra ṣájà?”

“Lẹ́bàá títì ní Mọ́kọ́lá ni, mà.”

“Ebi ò ní ṣàìpa á.”

Gbogbo òkè rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín nítorí pé ojú wọn wà lára ògiri. Wọ́n ti ń kà. Wọ́n ń kà á sókè bí wọ́n ṣe máa ń kàwé fún kíláàsì, ohùn wọn sì bo ti sípíkà mọ́lẹ̀ nítorí pé wọn kò gbọ́ bí ó ṣe ga tó. Obìnrin kan fẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n kí wọ́n rọra. Ìyá Àdínnì ní, “Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Tiwọn yé mi ju ti sípíkà lọ.”

Mo ra ṣájà tó dára, mànàmáná lọ. Mo kọ́ ladáánì bí wọ́n ṣe ń pa bọ́ọ̀dù náà kí wọ́n tó pa iná ògiri, torí pé bí iná bá ṣàdédé lọ nígbà tó ń kọ nǹkan sínú mẹ́mórì, mẹ́mórì lè bàjẹ́. Ladáánì náà kò gbàgbé rí. Iná ìlú máa ń gbàgbé. Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ ladáánì. Mo tún ètò náà tò kó má fi bẹ́ẹ̀ máa kọ nǹkan sínú mẹ́mórì mọ́, ó sì dúró.

Àyípadà tó bá ìyá mi kò pariwo. Ní ọjọ́ kan, wọ́n lọ dúró sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn títí Ìmáàmù fi jáde, wọ́n dojú kọ wọ́n.

“Àlùfáà, ẹ ní kí á dárí ji aládùúgbò tó bá ṣẹ̀ wá. Ẹ ò sọ bóyá ó yẹ kó kọ́kọ́ wá tọrọ àforíjì o, àbí bóyá kí á máa dárí jì í lọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.”

Ìmáàmù rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní, “Màmá, ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni mo sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló tó dé ọ̀dọ̀ mi.”

Ìmáàmù dáhùn ìbéèrè náà nínú wáásù tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní ìyá wa kan, olùkọ́, ló bi àwọn. Lọ́jọ́ náà, ìyá mi jókòó sókè, wọn kò sì mọ̀ pé àwọn ni wọ́n ń sọ. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni wọ́n tó kà á lójú tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n tún gbólóhùn náà kà, wọn kò gbé ohùn sókè mọ́. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo mọ ohun tí mo rí.

Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ló kàn. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ẹni tó létò, ẹni tí kì í pẹ́ dé. Ó yẹ kí n sọ ìdí òfin tí wọ́n gùn lé, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo fi í pamọ́. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹnì kan fi jẹnẹrétọ̀ ta mọ́ṣáláṣí lọ́rẹ. Kò pẹ́ tí ẹni tó ni jẹnẹrétọ̀ fi tọpa rẹ̀ dé ibẹ̀ pẹ̀lú ọlọ́pàá, lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, níṣojú gbogbo ènìyàn. Láti ọjọ́ náà ni ìgbìmọ̀ ti ní ohunkóhun tí kò bá ní rísíìtì kò gbọdọ̀ sùn sínú mọ́ṣáláṣí. Kí ìpàdé ọdọọdún tó wáyé, akọ̀wé máa ń lọ káàkiri, wọ́n á béèrè rísíìtì fáànù, rísíìtì ẹní, rísíìtì aago ara ògiri. Òfin náà kò burú. Ọ̀nà tí wọ́n gbà lò ó ni mò ń bá wọn wí.

Wọ́n bá mi lókè níbi tí mo ti ń so wáyà.

“Rísíìtì eléyìí dà?”

Mo mú un jáde nínú báàgì mi. Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n kà á, wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀.

“Èyí rísíìtì bọ́ọ̀dù. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ńkọ́?”

“Ọ̀fẹ́ ni, sà.”

“Ta ló fún ẹ?”

“Gbogbo ayé ni wọ́n fún, sà.”

“Gbogbo ayé kì í fọwọ́ sí rísíìtì.”

Ní ọjọ́ Àìkú kejì, mo tẹ ìwé àṣẹ ètò náà jáde, gbogbo ojú ewé rẹ̀, mo sì fa ìlà sábẹ́ ibi tó ti ní ẹnikẹ́ni lè lò ó. Akọ̀wé ṣí i títí dé òpin, bí ẹni tó ń wá nǹkan.

“Òǹtẹ̀ dà?”

“Kò ní òǹtẹ̀, sà.”

“Ẹni tó fọwọ́ sí i ńkọ́?”

“Bí ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn, sà. Ẹni tó bá ti ń lo ètò náà, àṣẹ náà kàn án.”

“Àbúrò, mo ti rí irú nǹkan yìí ní Agbowó, níbi tí àwọn ọmọ yẹn ti ń wo bọ́ọ̀lù. Bó ṣe ń rí lójú tẹlifíṣọ̀n gan-an nìyẹn. Wọ́n fi ń jí bọ́ọ̀lù wò.”

“Àwọn yẹn ti fi nǹkan mìíràn kún un ni, sà. Ètò yìí fúnra rẹ̀ kì í jí nǹkan.”

“Ohun tí gbogbo wọn máa ń sọ nìyẹn.”

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ìgbìmọ̀. Wọ́n ní wọ́n á pè mí. Wọn kò pè mí. Ìgbìmọ̀ jókòó láìsí èmi níbẹ̀, wọ́n sì parí ọ̀rọ̀ náà. Alága tó fún mi láyè níta gbangba wà níbẹ̀. Ìmáàmù kò sí níbẹ̀, torí pé Ìmáàmù kì í dá sí ọ̀rọ̀ ohun ìní mọ́ṣáláṣí. Ohun tí Ìmáàmù fúnra wọn sọ fún mi lẹ́yìn náà nìyẹn, pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, wọ́n sì ń wo ilẹ̀.

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ Àìkú, n kò bá bọ́ọ̀dù mi nídìí tẹlifíṣọ̀n mọ́. Inú sípíkà ni mo ti gbọ́ ìdájọ́ mi. Àsàlátù ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí akọ̀wé gba máìkì láti ṣe ìfilọ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ìmọ́tótó ibi àlùwàlá. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé dí ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní ìgbìmọ̀ ti yọ ẹ̀rọ kan kúrò lókè, ẹ̀rọ tí wọn kò mọ orísun ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí pé ilé Ọlọ́run kò gbọdọ̀ lo ẹrù olè. Wọn kò dárúkọ mi. Kò sí ìdí tí wọ́n fi máa dárúkọ mi. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbé ẹ̀rọ wá sókè.

Àwọn obìnrin yí ojú padà, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ mi, wọn kò wo ojú mi. Àwọn tó wà níwájú ń mi orí nítorí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó ṣáájú. Ìyá mi rí wọn, àwọn náà mi orí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé àwọn obìnrin ń wò wá. Wọ́n kọjú sí mi.

“Kí ni wọ́n wí?”

Mo rọra sọ ọ́ fún wọn, láìgbé ohùn jáde, kí ètè mi lè yé wọn. Wọ́n wò ó títí dé ìparí.

“Wọ́n pè ọ́ lólè, èmi sì ń mi orí sí i.”

Ohun tí ìyá mi sọ nìyẹn. Mo ti kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà tí ìgbìmọ̀ ra ẹ̀rọ tiwọn, láti fi hàn pé àwọn kò kórìíra àwọn obìnrin. Àpótí dúdú pẹlẹbẹ kan ni, wọ́n rà á nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Dùgbẹ̀. Ó ní rísíìtì, òǹtẹ̀ sì wà lára rísíìtì náà. Akọ̀wé fúnra wọn ló gbé e wá sókè. Wọ́n ní kí n bá àwọn so ó, nítorí pé èmi ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo so ó.

Nígbà tó tàn, mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ti pa orúkọ ètò náà rẹ́ kúrò níwájú, wọ́n sì fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ojú ewé rẹ̀ ṣe ń ṣí nìyẹn, bí ó ṣe ń dún tó, tó, tó nígbà tí a bá ń fi rìmóòtù rìn lórí rẹ̀ nìyẹn. Mo wọ ibi tó ti ń sọ ẹni tí òun jẹ́. Ẹni tó ṣe é ti gbàgbé láti pa ibẹ̀ rẹ́. Orúkọ ètò náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú gbólóhùn tó ní ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ènìyàn. Ètò tí wọ́n pè ní ẹrù olè nínú bọ́ọ̀dù mi ni wọ́n lọ rà wá nínú àpótí.

Mo pe akọ̀wé, mo fi hàn wọ́n. Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n kà á, ètè wọn ń mì.

“Èyí ní rísíìtì,” ni wọ́n wí.

“Ohun kan náà ni, sà.”

“Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n èyí ní rísíìtì.”

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, obìnrin kan fọwọ́ kan rìmóòtù kí àsàlátù tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìkànnì tí àwọn ènìyàn ń sanwó lé lóṣooṣù bá ṣí sílẹ̀ bí ilẹ̀kùn ọjà. Bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀. Ìjàkadì wà níbẹ̀. Fíìmù àwọn ará Íńdíà kan bẹ̀rẹ̀, ìyàwó kan ń sunkún, ọkọ rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo na ọwọ́ láti pa á. Ìyá Àdínnì dá mi dúró.

“Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn fẹ́ sọ.”

“Mà, jíjí ni wọ́n jí i. Kò sẹ́ni tó sanwó ìkànnì yẹn.”

“Áà. Ṣé èyí kọ́ ni ti rísíìtì?”

“Òun ni, mà.”

Ìyá Àdínnì yí ojú kúrò lára ògiri. “Ẹ̀rín á pa Ṣàtánì,” ni wọ́n wí, wọ́n bá ní kí n pa á.

Mo bi akọ̀wé pé ta ló ń sanwó àwọn ìkànnì náà. Wọ́n ní ó ti wà nínú owó àpótí. Mo ní kò lè wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn á pe ọlọ́jà náà. Nọ́ńbà tó wà lórí rísíìtì náà kò lọ.

Gbogbo ìyẹn ì bá má dùn mí bí àpótí náà bá lè ṣiṣẹ́ tí bọ́ọ̀dù mi ń ṣe. Mo kó wáásù sínú fláàṣì, mo ki fláàṣì náà bọ àpótí náà. Àwòrán ògiri mọ́ṣáláṣí jáde. Ohùn Ìmáàmù jáde. Ọ̀rọ̀ kò jáde. Ẹni tó tà á ti pa apá tó ń gbé ọ̀rọ̀ jáde, ó sì ti fi nọ́ńbà àṣírí ti gbogbo ibi tí ènìyàn lè gbà tún un ṣe. Ìwé àṣẹ tí akọ̀wé wá òǹtẹ̀ lára rẹ̀ ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n gba nọ́ńbà náà lọ́wọ́ ọlọ́jà. Wọ́n ní kí n ní sùúrù. Mo ní kí wọ́n dá bọ́ọ̀dù mi padà. Wọ́n ní ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì, ìwádìí ṣì ń lọ lọ́wọ́.

Mo ra bọ́ọ̀dù mìíràn, mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n ilé, mo ní kí ìyá mi wá jókòó. Wọ́n wò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Wọ́n ní kí n pa á.

“Aláìsàn ló ń dá nìkan gbọ́ wáásù nílé,” ni wọ́n wí. “Èmi ò ṣàìsàn. Àárín àwọn ẹgbẹ́ mi ni mo fẹ́ ti máa kà á, kí á jọ máa jiyàn lé e lórí.”

Wọn kò lọ sí àsàlátù mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, aṣọ funfun yẹn máa ń wà lórí ìkọ́, wọ́n á jókòó sí bákónì, wọ́n á máa wo àwọn ènìyàn tó ń kọjá lọ. Ìyá Àdínnì wá wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan, wọ́n jókòó lójúkojú, wọ́n sì sọ̀rọ̀ títí. Nígbà tí wọ́n ń lọ, Ìyá Àdínnì ní kí n má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kú. Mo ní kò ní kú.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ èyí, mo sì ń béèrè ìdáhùn lọ́wọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn.

Alága, ẹ̀yin lẹ fún mi láyè. Nígbà tí wọ́n ń pe iṣẹ́ tí ẹ fọwọ́ sí ní ẹrù olè, kí lẹ sọ? Bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan, kí ló dé? Ìmáàmù, ẹ mọ̀ pé ìyá mi ń bi yín ní ìbéèrè. Ẹ mọ ọjọ́ tí ìbéèrè náà dá dúró. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti béèrè ibi tí olùkọ́ yẹn wà? Akọ̀wé, ẹ ti fi ojú ara yín rí i pé ohun kan náà ló wà nínú bọ́ọ̀dù mi àti nínú àpótí yín. Ẹ ti mọ̀ pé àpótí tó ní rísíìtì ló ń jí ìkànnì. Ìgbà wo lẹ máa gba máìkì yẹn, níwájú àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́, kí ẹ sọ pé ẹ ṣì mí pè? Ta ni yóò gun àtẹ̀gùn ilé wa lọ sọ ọ́ lójú ìyá mi, torí pé wọn kò ní gbọ́ ọ nínú sípíkà? Ìwádìí tí ẹ ní ó ń lọ lọ́wọ́, ta ló ń ṣe é, kí ló sì ń wá? Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù yẹn wà?